INÚ ÀTI ỌPỌLỌ: ÌTÀN OÚNJẸ ÒKÈ-ÒGÙN ÀTI ÌBÀLẸ̀ ỌKÀN ÀWA ỌMỌ RẸ̀

Nínú ìwé ọdọọdún yìí ni a ti máa ń ka ìtàn àwọn ọba wa, ìtàn ogun, àti ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú dó. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa, ọmọdé àti àgbà. Ìtàn ohun tí àwọn ìyá wa ń sè ni, àti ohun tí oúnjẹ náà ń ṣe nínú ìfun ènìyàn, àti ọ̀nà tí ó ń gbà dé ọpọlọ àti ọkàn.

Kí òyìnbó tó gbé ìwé dé ni èdè wa ti so inú mọ́ ọkàn. Bí ohun rere bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, a ní inú rẹ̀ dùn; bí wọ́n bá ṣẹ̀ ẹ́, a ní inú bí i; bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, a ní inú rẹ̀ bàjẹ́, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí ọ̀rọ̀ náà ìbànújẹ́. Ẹni tí ó ń ṣoore ni a ń pè ní onínúure. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé orí ni a fi ń ronú, nítorí wọ́n a máa sọ nípa ẹni tí ó ya wèrè pé orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé orí kì í dá wà. Wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èdè nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtàn àti ìwádìí fi hàn.

Ohun tí ilẹ̀ wa ń mú jáde

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Láti Ìṣẹ́yìn lẹ́sẹ̀ òkè Èbèdì títí dé Ṣakí lẹ́sẹ̀ òkè Aṣabárí, láti Òkèihò àti Ìgànná títí dé Ìgbòho àti Kíṣí, koríko gíga ni ó bo ilẹ̀, igi sì dúró káàkiri láàrin rẹ̀. Òjò a máa rọ̀ fún bí oṣù mẹ́fà sí méje, ẹ̀ẹ̀rùn a sì gba ìyókù. Nínú irú ilẹ̀ báyìí, ẹni tí kò bá mọ oúnjẹ í tọ́jú yóò pebi kí òjò mìíràn tó dé. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi di ọ̀gá nínú ìtọ́jú oúnjẹ.

Iṣu àti ọkà bàbà ni oúnjẹ wa láti ìgbà láéláé. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ àbùdá iṣu wò kéde pé agbègbè odò Ọya, ní apá ibi tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ó jọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ sọ iṣu funfun di ohun ọ̀gbìn. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata jẹ́ àlejò; láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í ná etíkun wa. Iṣu ni a ń bó, tí a ń fi omi gbígbóná bọ̀, tí a sì ń sá sórí àpáta títí yóò fi gbẹ di gbodo, kí a tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Èlùbọ́ yìí ni àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó fi mọ ọjà wa títí di òní.

Ṣùgbọ́n igi igbá ni mo fẹ́ kí a dúró tì. Igi yìí ni àwọn onímọ̀ ewéko pè ní Parkia ní ọdún 1826, láti fi ṣe ìrántí Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Scotland tí ó kú sínú odò Ọya ní Bùsà ní 1806. Àwọn ìyá wa kò dúró de Mungo Park kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà nínú èso rẹ̀ jẹ́ ohun jíjẹ fún ọmọdé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oúnjẹ oko kò pọ̀. Hóró rẹ̀ ni wọ́n ń sè láti òwúrọ̀ di òru, nítorí èèpo rẹ̀ le bí òkúta. Wọn a gún un, wọn a fọ̀ ọ́ lódò títí èèpo yóò fi lọ tán, wọn a tún un sè, wọn a sì dì í sínú igbá pẹ̀lú ewé, wọn a bò ó mọ́ ibi tí ó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ó ti di irú, òórùn rẹ̀ sì ti gba àdúgbò.

Ògì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A ó rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì jẹ́ kí ó silẹ̀ títí yóò fi kan. Omi orí rẹ̀ ni omidùn, èyí tí àwọn àgbà fi ń rẹ egbòogi. Láti inú ògì ni a ti ń rí ẹ̀kọ mímu àti ẹ̀kọ jíjẹ. Àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ń gbé láàrin wa sì ń fi omi ewé bomubomu dì wàrà wọn, wọ́n ń gbé e wá sí ọjà wa, wọ́n sì ń ra èlùbọ́ àti ọkà bàbà lọ. Oúnjẹ ni ó ń so èdè méjì pọ̀ ní ọjà kan.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú igbá irú àti nínú ìkòkò ògì? Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà wà lára àwọn tí ó wá ìdáhùn rẹ̀. Ní ọdún 1970, I. A. Akinrele ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí kíkan ògì jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, S. A. Odunfa ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí irú àti àwọn oúnjẹ kíkan mìíràn. Wọ́n fi hàn pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tí ń jẹ́ Bacillus subtilis ni olórí àwọn tí ń sọ igbá di irú. Àwọn tí ń mú wàrà kan ni wọ́n ń mú ògì kan pẹ̀lú, èyí tí ń jẹ́ Lactobacillus plantarum sì ṣáájú wọn. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ọ̀tá. Àwọn ìyá wa ti ń sin èyí tí ó dára láàrin wọn, láìrí wọn, láti ìran dé ìran.

Bí ayé ṣe mọ̀ pé inú àti orí jọ ń sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ 6 oṣù June, ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alexis St. Martin ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ihò ikùn rẹ̀ kò dí. Dókítà William Beaumont tí ó tọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú so oúnjẹ, ó ń tì í bọ inú ihò náà, ó sì ń wo bí ó ṣe ń dà. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1833, ó kọ ọ́ pé nígbà tí inú bá bí ọkùnrin náà, iṣẹ́ ikùn rẹ̀ a yí padà. Báyìí ni ojú ṣe rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ohun tí ó wà lọ́kàn a máa dé inú.

Àrùn kan tí ń jẹ́ pellagra ni ó fi ọ̀nà kejì hàn, pé ohun tí ó wà nínú ikùn a máa dé orí. Nígbà tí àwọn òyìnbó mú àgbàdo dé Sípéènì àti Ítálì, àwọn tálákà ibẹ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ kan ṣoṣo. Ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ìgbẹ́ gbuuru mú wọn, níkẹyìn orí wọn dàrú, a sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ilé wèrè. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1914, ìjọba Amẹ́ríkà rán Dókítà Joseph Goldberger lọ wádìí rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àrùn àkóràn ni, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn ni ó ń mú, kò mú àwọn tí ń tọ́jú wọn. Ó fi wàrà, ẹran àti ẹ̀wà kún oúnjẹ àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Mississippi àti àwọn aláìsàn ọpọlọ kan ní Georgia, àrùn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ láàrin wọn. Ní 1937 ni Conrad Elvehjem rí èròjà tí ó ṣaláìsí nínú oúnjẹ wọn, tí a ń pè ní niacin.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ Òkè-Ògùn ronú sí i. Àgbàdo kan náà ni àwa náà ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ kì í dá lọ sí ẹnu lọ́dọ̀ wa: ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ó ní irú. Ẹ̀wà àti irú ń fún ara ní ohun tí àgbàdo nìkan kò ní. Àdídùn lásán kọ́ ni àwọn àgbà tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí ní Aro

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìgbèkùn ni ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ jẹ́. A ṣí ti Kàlàbá ní 1904, a ṣí ti Yábàá ní 1907. Òfin tí ó dè wọ́n jáde ní 1916, ọdún kan náà tí rògbòdìyàn Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn bẹ́ sílẹ̀. Ó di oṣù January, ọdún 2023, kí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tó rọ́pò rẹ̀.

Láàrin ìgbà méjèèjì yìí ni Thomas Adeoye Lambo dìde. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1923, Birmingham ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954, ilé ìwòsàn náà kò tí ì parí. Ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí i ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Àṣẹ kan ni ó pa: aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ kan dání, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, aláìsàn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ní ìrọ̀lẹ́ a padà wá bá oúnjẹ ilé àti ènìyàn rẹ̀. Ní 1961, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí ńlá lórí ìlera ọpọlọ láàrin àwọn Yorùbá ní àyíká Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ọ̀nà Aro di ohun tí gbogbo ayé wá wò. Lambo kò sọ pé oúnjẹ nìkan ni ó wo aláìsàn sàn. Oògùn wà níbẹ̀, ìtọ́jú dókítà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí a yà kúrò lára ènìyàn rẹ̀ àti lára oúnjẹ tí ó mọ̀, a ti fi kún àìsàn rẹ̀.

Ohun tí ìwádìí òde òní ń sọ

Lónìí a mọ̀ pé iṣan kan tí ń jẹ́ vagus wà láti ọpọlọ títí dé ìfun, ìròyìn tí ó sì ń gbé gòkè láti inú pọ̀ ju èyí tí ó ń gbé sọ̀kalẹ̀ lọ. A mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní serotonin, tí ó kan ìdùnnú àti oorun, inú ìfun ni ara ti ń ṣe ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Èyí tí inú ṣe kì í wọ inú ọpọlọ tààrà, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣan sọ̀rọ̀, iṣan sì ń jíṣẹ́. Ní 2004, Nobuyuki Sudo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé eku tí a tọ́ dàgbà láìní kòkòrò kankan nínú ìfun a máa gbọ̀n jìnnìjìnnì ju bí ó ti yẹ lọ nígbà ìnira. Bí a bá sì tètè fi kòkòrò rere sí inú rẹ̀ ní kékeré, ara rẹ̀ a balẹ̀.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ará Ítálì fi àwọn ọmọdé abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé àwọn ọmọdé ìlú Florence. Oúnjẹ àwọn ọmọ Boulpon kò jìnnà sí tiwa: ọkà bàbà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àti igbá kan náà tí a fi ń ṣe irú. Wọ́n rí i pé kòkòrò rere inú ìfun wọn jẹ́ oríṣiríṣi ju ti àwọn ọmọ Florence lọ, ó sì mọ bí a ti ń lo àwọn ẹ̀yà ọkà tí ikùn kò lè dà. Ní 2025, ìwádìí mìíràn jáde láti Tàǹsáníà lórí ọ̀dọ́mọkùnrin 77. Àwọn tí ó fi oúnjẹ ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún oúnjẹ ìgbàlódé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, àmì inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé ara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbaná. Àwọn tí ó padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀, tiwọn rọlẹ̀. Irú ìgbaná ara bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń rí lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà láàmú.

Ní Australia, Felice Jacka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn 67 tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jọ. Wọ́n kọ́ apá kan ní oúnjẹ tí ó kún fún ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọkà àti ẹja fún ọ̀sẹ̀ 12. Apá kejì ni wọ́n kàn ń bá tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2017, nǹkan bí 32 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bọ́ nínú àìsàn náà ní apá àkọ́kọ́, 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kejì. Ìwádìí kékeré ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ ju oògùn dókítà sọnù.

Èyí tí ó kan wa jù lọ wá láti Ìbàdàn. Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àwọn àgbà Yorùbá ìlú Ìbàdàn wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èsì tí ó jáde ní 2001, àrùn ìgbàgbé arúgbó ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Àwọn onímọ̀ ka oúnjẹ mọ́ àwọn ohun tí ó lè fa ìyàtọ̀ náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn nǹkan mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ kan ni wa, oúnjẹ àti ìgbé-ayé ni ó yàtọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Osuntokun kan náà ni ó fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tí ó ṣara lóore, a máa ba iṣan ẹsẹ̀ àti ojú jẹ́. Ògì nìkan kò tó fún ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, nítorí púpọ̀ nínú agbára ọkà ti bá èérí lọ. Ọmọ náà nílò ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Ọgbọ́n wà nínú àṣà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí àwọn onímọ̀ ayé ń bọ̀ wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ irú àti ọkà bàbà, àwa ni a ń fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ni kò mọ irú mọ́, àfi èròjà inú bébà. Oúnjẹ àárọ̀ ọmọ ilé-ìwé ti di nọ́dù àti búrẹ́dì funfun. Àwọn oníṣòwò kan ń da oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà kí ó má bàa jẹ; nítorí rẹ̀ ni àwọn ìjọba Yúróòpù fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà ní 2015, tí NAFDAC sì fi òfin de ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos ní 2019. Ohun tí Yúróòpù kọ̀, ọmọ wa ni ó ń jẹ ẹ́.

Èyí tí ó burú jù ni ti èédú. Gbogbo ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ sí Ṣakí ni ó ń rí àpò èédú lẹ́bàá ọ̀nà. Igi ẹ̀mí àti igi igbá tí àwọn baba wa kì í gé nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko, àwọn ni a ń sun báyìí. Igi ẹ̀mí lè gba ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó so. Àpò èédú kan tán láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìran kan ni yóò dúró de igi tí yóò rọ́pò rẹ̀. N kò dá ẹni tí ń sun èédú lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ebi ni ó lé ẹlòmíràn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sun igbá tán, kò sí irú mọ́, owó àwọn ìyá tí ń ṣe é náà yóò sì bá a lọ.

Nítorí náà mo fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ẹgbẹ́ bẹ àwọn ọba àti àwọn baálẹ̀ wa kí wọ́n fi òfin ìlú dá ààbò bo igi igbá àti igi ẹ̀mí, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì gbin tirẹ̀. Èkejì, kí a ran àwọn obìnrin oníirú àti ológì lọ́wọ́ pẹ̀lú omi tí ó mọ́ àti ìdìpọ̀ tí ó dára, kí ọjà wọn lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa lókè òkun. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí a jáwọ́ nínú fífi aláìsàn ọpọlọ pamọ́ sínú yàrá tàbí fífi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹbí kan sì bá a lọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, bí Lambo ti kọ́ wa.

Fún ẹ̀yin ará àjò, ẹ̀yin tí ẹ ń dá nìkan jẹun nínú yàrá lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú òórùn irú mú yín kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pe ara yín jọ, ẹ ro ọkà, ẹ jọ bu òkèlè. Bí ọkàn ẹnìkan nínú yín bá sì wúwo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ó wí fún ẹnìkejì, kí ó sì lọ rí dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìbànújẹ́. Kí inú wa ó máa dùn, kí orí wa ó sì máa pé. Òkè-Ògùn yóò gbèrú o. Àṣẹ.